Bí A Ṣe Ń Lo Ìwé Iye Owó Aláfọwọ́gbé Nígbà Tí A Bá Ń Ra Ìbọn Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ ìbọn ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé iye owó lábẹ́ abíyá ló ṣì ń san owó tó ju bó ti yẹ lọ. Ìwé náà kọ́ ló tàn wọ́n jẹ. Ohun tó ń fà á ni pé ibi tí a kọ dọ́là sí ni ojú wọn kọ́kọ́ ń lọ, nígbà tí wọn kò tíì mọ irú ìbọn tó wà níwájú wọn gan-an àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n á rí orúkọ Colt, ilé iṣẹ́ ìbọn kan, lára irin, wọ́n á ṣí ojú ewé Colt, wọ́n á rí iye kan tó ga ju ohun tí olùtajà ń pè lọ, wọ́n á sì yára sanwó kí ẹlòmíràn má baà já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìlànà tí mo là sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí yí ètò náà padà: ìbọn ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò láti ìdí dé ẹnu, iye owó ni a ó kà kẹ́yìn.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé iye owó kan tó ṣeé mú rìn, yálà èyí tí a tẹ̀ tàbí èyí tó wà lórí fóònù.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.
- Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, fún nọ́ńbà àti ontẹ̀.
- Téèpù ìwọ̀n tó ní íǹṣì.
- Igi tẹ́ẹ́rẹ́ róbótó tó gùn ju ọ̀pá ìbọn lọ. Ẹ má ṣe lo irin, nítorí irin lè ha inú ihò.
- Ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ mímọ́, nítorí òógùn ọwọ́ máa ń mú kí irin dógùn-ún.
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iyè inú nígbà tí ẹ bá ti yẹ ìbọn márùn-ún wò láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìpele 1: Ẹ pèsè ìwé náà kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí a tẹ ìwé náà. Ìwé Norm Flayderman lórí àwọn ìbọn àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ẹ̀dà kẹsàn-án ní ọdún 2007, ó sì ṣì wà lára àwọn tó dára jù lọ fún mímọ ìyàtọ̀ láàárín irú ìbọn kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n owó tó wà nínú rẹ̀ ti di owó àná. Ìwé iye owó mìíràn, Blue Book of Gun Values, ní tirẹ̀, máa ń fi ìdá nínú 100 sọ bí àwọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe kù sára ìbọn tó, ó sì ní àwòrán tí a lè fi wé ohun tó wà lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ ní méjèèjì: kí èyí tó ti pẹ́ máa sọ irú ìbọn fún yín, kí èyí tó jẹ́ tuntun máa sọ owó.

Ẹni tó bá gbé ìwé olójú ewé ẹgbẹ̀rún kan lọ sí ọjà láìmọ ohun tó ń wá kò ní rí i lò. Ẹ mú irú ìbọn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ka gbogbo ohun tí ìwé sọ nípa wọn, títí kan àlàyé wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ iye owó, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí a ó fi kún un tàbí tí a ó yọ kúrò. Àlàyé wẹ́wẹ́ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì sábà máa ń yí owó padà. Tó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fẹ́ lò, ẹ gba ojú ewé wọ̀nyẹn sílẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú gbọ̀ngàn onírin tí èrò kún fọ́fọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kí ẹ wá irú ìbọn kan. Tí ẹ bá rí ojú ewé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìpèsè yín ti pé.

Ìpele 2: Ẹ rí i dájú pé kò sí ohunkóhun nínú ìbọn

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni tábìlì kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Ìbọn tí a ń ti ẹ̀tù sí láti ẹnu léwu ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, nítorí ó lè ti wà lára ògiri fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ẹ̀tù àti ọta tí ẹnì kan tì sí i tí kò yìn. Ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ fà á jáde, kí ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn lóde. Orí igi gbọ́dọ̀ dé ìtòsí ihò tí iná ń gbà wọlé. Tí ó bá kù ní íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ìbọn náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́ kí ẹ sì sọ fún olùtajà. Ní ti ìbọn ìléwọ́ tó ní àgbá yíyí, ẹ tan iná sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan àgbá náà láti iwájú, láìjẹ́ kí ẹnu ìbọn kọ ojú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe fa òòlù ìbọn sẹ́yìn kí ẹ sì jẹ́ kó já lu irin lásán. Ó lè ba orí ìkànnà tí òòlù ń lù jẹ́, ó sì lè fọ́ irin tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ẹni tó bá ba ọjà jẹ́ lórí tábìlì ló máa ń rà á.

Àyẹ̀wò: ẹ̀yin àti olùtajà ti jọ rí i pé ìbọn ṣófo.

Ìpele 3: Ẹ mọ̀ bóyá ìbọn náà jẹ́ àtijọ́ lójú òfin

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 lórí ìbọn ka èyí tí a ṣe ní ọdún 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ìbọn àtijọ́. Irú bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ìlànà tó de ìbọn òde òní lójú òfin ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ àti ìlú mìíràn ní òfin tiwọn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òfin ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ kà kí ẹ tó lọ rajà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n máa ń ka orúkọ ìbọn bí ẹni pé ọdún tí a ṣe é ni. Winchester Model 1873 jáde ní 1873 lóòótọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà ń ṣe é títí wọ inú àwọn ọdún 1920. Bẹ́ẹ̀ náà ni Colt Single Action Army, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1873 tó sì kọjá 1898 dáadáa. Nọ́ńbà tó wà lára irin àárín ìbọn ni a fi ń mọ ọdún, nípa wíwo àtẹ nọ́ńbà tí ìwé iye owó sábà máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ yìí kan owó pẹ̀lú, nítorí àwọn olùrà sábà máa ń fi owó kún èyí tí a ṣe kí 1898 tó parí. Nígbà náà, ẹni tó bá san owó tí a ń san fún ìbọn àtijọ́ lórí èyí tí a ṣe ní 1905 ti pàdánù lọ́nà méjì.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ nọ́ńbà ìbọn náà àti ọdún tí àtẹ fún yín sínú ìwé àkọsílẹ̀. Tí nọ́ńbà náà bá sún mọ́ ààlà 1898 tó bẹ́ẹ̀ tí iyèméjì fi wà, ẹ kà á sí ìbọn òde òní títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí láti ibi ìpamọ́ ìwé ilé iṣẹ́.

Ìpele 4: Ẹ dá irú rẹ̀ gan-an mọ̀

Níbí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú Colt 1851 Navy, ìbọn ìléwọ́ kan tó ní àgbá yíyí, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wọ́pọ̀, ó sì ní ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ̀.

A ṣe nǹkan bí 215,000 nínú rẹ̀ ní Hartford, Connecticut, láti 1850 títí di 1873. A sì ṣe nǹkan bí 42,000 mìíràn ní ilé iṣẹ́ Colt tó wà ní London. Ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, ó gùn ní íǹṣì méje àti ààbọ̀, ìwọ̀n ihò rẹ̀ sì jẹ́ .36. Ẹ wo irin tó yí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn ká. Tí ẹ̀yìn irin náà bá ní igun bí ti àpótí, ó wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe, tí nọ́ńbà wọn kò ju nǹkan bí 4,200 lọ. Nínú àwọn wọ̀nyí, èyí tí síkúrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ irin pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá mọ́ ara ìbọn ni irú kìíní. Èyí tí síkúrù rẹ̀ wà lókè ni irú kejì. Tí irin ìka náà bá rí róbótó tó sì kéré, irú kẹta ni, títí dé nǹkan bí 85,000; tí róbótó náà bá tóbi, irú kẹrin ni. Gbogbo wọn ni èèyàn lè pè ní Colt 1851 láìparọ́, síbẹ̀ iye owó irú kìíní àti ti irú kẹrin jìnnà síra wọn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà àti ìrísí jẹ́rìí síra wọn. Colt irú èyí máa ń ní nọ́ńbà rẹ̀ lára ọ̀pá, lára irin àárín, lára irin ìka àti lára irin ẹ̀yìn ìdìmú, bákan náà sì ni lára àgbá yíyí. Tí ẹ bá rí irin onígun lára ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 60,000, ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan kan, ojú ewé irú kìíní kò sì bá yín mu mọ́ bó ti wù kí olùtajà ṣàlàyé tó. Ẹ fi gíláàsì ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí a lù sórí ọ̀pá. Àwọn kan ní àdírẹ́sì New-York, àwọn kan Hartford, àwọn kan London, ìwé iye owó sì máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ tún wá ontẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Lẹ́tà ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin jẹ́ ontẹ̀ ìdánwò ìlú Liège ní Belgium. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àtijọ́ tòótọ́, tí àwọn kan sì ń kó jọ, ṣùgbọ́n kò jáde láti Hartford, ojú ewé rẹ̀ sì yàtọ̀. Ontẹ̀ Ítálì tó ní lẹ́tà ọdún nínú àpótí kékeré onígun mẹ́rin túmọ̀ sí pé àdàkọ òde òní ni, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi kẹ́míkà sọ irin rẹ̀ di arúgbó. Àwọn kan máa ń fá ontẹ̀ yìí kúrò. Nítorí náà, ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́ sí abẹ́ ọ̀pá àti ara irin àárín, kí ẹ wò ó bóyá ibì kan tẹ́ wọlé ju ibi tó yí i ká lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ lè tọ́ka sí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé, kí ẹ sì sọ ohun mẹ́ta lára ìbọn tó fi hàn pé ìlà yẹn ni, kì í ṣe èyí tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ fún ara rẹ̀ ní ipò tó tọ́ sí i

Àwọn ìwé tó pọ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ní Amẹ́ríkà, fún ìbọn àtijọ́, láti ipò tó ga jù dé èyí tó rẹlẹ̀ jù: Factory New, Excellent, Fine, Very Good, Good, Fair, Poor. Ẹ má ṣe lo àwọn orúkọ wọ̀nyí bí a ṣe ń lò wọ́n lẹ́nu lásán. Excellent ń fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà jẹ́ ojúlówó, kí àwọ̀ ilé iṣẹ́ tó ju ìdá 80 nínú 100 lọ kù sára, kí lẹ́tà àti iṣẹ́ fífín mú ṣáṣá. Fine ń fẹ́ kó ju ìdá 30 lọ. Very Good bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí àwọ̀ rárá dé ìdá 30, tí irin bá ń dán, tí etí rẹ̀ bá mú, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó. Good ni a ń fún èyí tí a ti pààrọ̀ ẹ̀yà kékeré rẹ̀, tàbí tí ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ ti mú, tàbí tí a ti tún kùn.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ló máa ń ya àwọn olùrà tuntun lẹ́nu. Ìbọn tí irin rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú láìsí àwọ̀ kankan lè jẹ́ Very Good, nígbà tí èyí tó ń tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ dúdú bíi tuntun, kò kọjá Good nítorí pé ẹnì kan tún un kùn. Ojú máa ń fẹ́ràn èyí tó ń tàn. Ìwé kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tó mọ ìbọn kò sì ní rà á lọ́wọ́ yín ní iye tí ẹ rà á.

Bí a ṣe ń mọ àtúnkùn nìyí. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ rọra gba ẹ̀gbẹ́ irin kọjá dípò kí ó tàn sí i lójú tààrà. Lára ojúlówó, etí igun mẹ́jọ náà á gé bí ọ̀bẹ, ìmọ́lẹ̀ á sì sáré lórí irin ní ìlà tó tọ́. Lára èyí tí a fá kí a tó kùn, etí náà á ti ṣe kúlúbọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa rú bí omi, ìsàlẹ̀ lẹ́tà á ti fúyẹ́ níbì kan nígbà tí ó jinlẹ̀ níbòmíràn, ihò síkúrù á sì fẹ̀ lẹ́nu bí àwo pẹrẹsẹ. Tí ẹ bá rí ihò ìpẹtà tí àwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: ìpẹtà ló kọ́kọ́ dé, àwọ̀ ló tẹ̀ lé e.

Láti mọ ìdá àwọ̀ tó kù, ẹ má ṣe wo ìbọn lódindi kí ẹ sì dárúkọ iye kan. Ẹ pín in. Lára Colt 1851, ọ̀pá àti àgbá ní àwọ̀ búlúù, irin àárín ní àwọ̀ aláràbarà tí iná fi sí i, irin ìka àti ti ẹ̀yìn ìdìmú sì jẹ́ idẹ tí a fi fàdákà bò. Ẹ kọ iye tó kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọ̀pá ní ìdá 25, àgbá ìdá 5, irin àárín ìdá 30, tí fàdákà sì ti lọ tán, ìbọn yìí kò dé Fine, bí ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí olùtajà fi gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn kọ ojú sókè. Ẹ tún wo àgbá yíyí fúnra rẹ̀, níbi tí a lu àwòrán ogun ojú omi Campeche ti 1843 sí. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rá, nítorí náà bí àwòrán ọkọ̀ àti òkun náà bá ṣì hàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn olùkójọ ń sanwó fún un.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe ra ìbọn pẹ̀lú èrò pé ẹ ó fọ̀ ọ́ kó lè gòkè sí ipò tó ga. Fífá irin máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ ipò tí ẹ fún ìbọn náà pẹ̀lú ìdí méjì. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín ipò méjì, èyí tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Ìpele 6: Ẹ wá ohun tí ìwé kò ní dárúkọ owó fún

Láàárín nǹkan bí 1840 sí 1860, wọ́n yí ọ̀pọ̀ ìbọn ológun Amẹ́ríkà tó ń lo òkúta ìṣáná padà sí èyí tó ń lo ìdérí bàbà kékeré. Nítorí pé olókùúta máa ń wọ́n jù, àwọn kan tún yí i padà sẹ́yìn nígbà tó yá. Ẹ wo irin ẹ̀gbẹ́ tó gbé òòlù: ṣé ihò síkúrù wà tí a fi irin dí? Ṣé ihò iná tóbi jù, tàbí etí rẹ̀ mú bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu, nígbà tí irin tó yí i ká ti gbó? Ìbọn tí a yí padà lẹ́ẹ̀mejì kò tọ́ sí iye tí ìwé kọ síwájú olókùúta ojúlówó.

Àyẹ̀wò: gbogbo ẹ̀yà ti gbó dọ́gba, tàbí ẹ ti kọ èyí tí kò bá ìyókù mu sílẹ̀.

Ìpele 7: Ní báyìí, ẹ ka iye owó

Iye tó wà nínú ìwé sábà máa ń jẹ́ iye tí olùrà lè san fún oníṣòwò, kì í ṣe iye tí oníṣòwò yóò san fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á. Ẹ lọ tààrà sí ìlà irú ìbọn náà, lábẹ́ ipò tí ẹ ti kọ. Ká ní ìwé sọ $1,500 fún Very Good àti $3,500 fún Fine. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Fine”, wọ́n á sì mú $2,500. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Owó kì í gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín ipò méjì. Ó máa ń fò nígbà tí ìbọn bá dé ipò tó ga gan-an, kò sì ní fò nítorí pé ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Ẹ dúró lórí $1,500, kí ẹ fi ohun tí àlàyé wẹ́wẹ́ bá fàyè gbà kún un, kí ẹ sì yọ ti ẹ̀yà tí a pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí a ti tà ní ọjà gbàǹjo láìpẹ́ dán iye náà wò. Ẹ wá irú kan náà, ipò kan náà, tó kéré tán mẹ́ta. Ohun tí ẹnì kan ń béèrè kì í ṣe ẹ̀rí; ohun tí a san ni ẹ̀rí. Ẹ tún mọ̀ bóyá owó kọmíṣọ̀n tí olùrà ń san wà nínú iye tí wọ́n kéde: ká ní ó jẹ́ ìdá 20 nínú 100, $2,000 tí wọ́n pè ní gbàǹjo ti di $2,400 lápò olùrà. Ẹ má sì jẹ́ kí ìròyìn ńlá darí yín. Ní 2018, ilé gbàǹjo Rock Island ta Colt Walker kan ní $1,840,000, ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,100 péré ni a ṣe nínú irú náà ní 1847, tòun ti àpótí rẹ̀ ni wọ́n sì tà á, ní ipò tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Kò sọ ohunkóhun nípa Colt mìíràn tó wà lórí tábìlì.

Àyẹ̀wò: iye méjì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, èyí tí ẹ fẹ́ san àti èyí tí ẹ kò ní kọjá, ẹ sì kọ méjèèjì kí ẹ tó béèrè iye tí olùtajà ń tà á.

Ìpele 8: Ẹ ná an, kí ẹ sì gba ìwé

Ẹ má ṣe na ìwé iye owó sí olùtajà lójú. Ohun tí ẹ rí lára ìbọn ni kí ẹ fi ná ọjà: nọ́ńbà tí kò bára mu, etí tó ti ṣe kúlúbọ́, síkúrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Tí òun náà bá mú ìwé tirẹ̀ jáde, ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ojú ewé wo ni, ọdún wo ni a tẹ̀ ẹ́, ipò wo ló sì ń kà. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń yanjú.

Tí owó bá pọ̀, ẹ béèrè fún ìwé ẹ̀rí láti ibi ìpamọ́ ilé iṣẹ́. Ẹ̀ka ìpamọ́ ìwé Colt ń kọ irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìbọn rẹ̀, Cody Firearms Museum ní Wyoming sì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ Winchester. Ìwé yìí máa ń sọ bí ìbọn ṣe rí nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Kò lè sọ ohun tí a ti ṣe sí i láti ìgbà náà, nítorí náà kò rọ́pò ìpele 5.

Àyẹ̀wò: ìwé ẹ̀rí ìrajà yín ní orúkọ irú ìbọn náà, nọ́ńbà rẹ̀, ipò tí olùtajà pè é, gbólóhùn pé ojúlówó ni tàbí pé a ti pààrọ̀ báyìí-báyìí lára rẹ̀, iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà, àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Tí olùtajà bá kọ̀ láti kọ ohun tó fi ẹnu sọ, ẹ má ṣe sanwó.